Ìpamọ́ Èèbù Iṣu Títí Ọyẹ́ Yóò Fi Kọjá

Nígbà tí òjò ìkẹyìn bá ti dá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, kò sí ẹni tí a ń sọ fún pé ọyẹ́ dé. Ètè a là, àtẹ́lẹsẹ̀ a sán, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà a sì bo ojú oòrùn bí èéfín. Òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a gbóná, ọ̀rinrin a sì tán nínú afẹ́fẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ti wa iṣu rẹ̀ tán a gbé ọkọ́ kọ́, a sì wí nínú ara rẹ̀ pé ìsinmi dé.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù wọ̀nyí gan-an, láti oṣù Bélú, tí í ṣe oṣù kọkànlá, títí dé oṣù Ẹrẹ́nà, tí í ṣe oṣù kẹta, ni oko iṣu ọdún tí ń bọ̀ ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́. Èèbù tí ó bá kú nínú àká, òjò kò lè jí i. Ẹni tí ó bá sì pàdánù èèbù rẹ̀ yóò ra ti ẹlòmíràn ní ìgbà tí ó wọ́n jù lọ, tàbí kí ó jẹ gbèsè, tàbí kí ó fi ilẹ̀ tí ó ti kọ ní ebè sílẹ̀ fún koríko.

Kì í ṣe àgbẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó ní ìgbà búburú tí ó gbọ́dọ̀ mú ohun ọ̀gbìn rẹ̀ là já. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni ọ̀tá. Omi a dì nínú ilẹ̀, gbòǹgbò tí ó bá rọ̀ a sì kú. Nítorí náà àwọn olùtọ́jú ọgbà níbẹ̀ a máa wa gbòǹgbò òdòdó dahlia, òdòdó tí ó ti ilẹ̀ Mẹ́síkò wá, wọn a gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ sínú iyanrìn gbígbẹ nínú ilé títí òtútù yóò fi kọjá. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni wọ́n ń kó jọ ní òkìtì, tí wọ́n ń fi koríko gbígbẹ bò, tí wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ lé lórí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe omi dídì ni àgbẹ̀ ń bẹ̀rù bí kò ṣe gbígbẹ àti gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: ohun tí yóò jí ní ọdún tí ń bọ̀, oorun rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ní ọdún yìí.

ÈÈBÙ WÀ LÁÀYÈ

Iṣu tí a ti wà kúrò nínú ilẹ̀ kò kú. Ó ń mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí mímí rẹ̀. Bí ó ti ń mí ni ó ń jẹ lára oúnjẹ tí ó kó sínú ara rẹ̀, tí omi inú rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí ni iṣu tí ó wúwo ní oṣù Ọ̀pẹ, oṣù ìkẹyìn ọdún, fi í fúyẹ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí èèpo rẹ̀ sì ń hunjọ. Àwọn tí wọ́n wọn iṣu nínú àká láti oṣù dé oṣù rí i pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lè lọ nínú ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá di oṣù mẹ́fà, ohun tí ó lọ lè tó ìdá 30 sí 50.

Ní àkọ́kọ́, iṣu a sùn. Ní ìgbà tí ó ń sùn, kì í hù, mímí rẹ̀ kò sì pọ̀. Iṣu funfun a máa sùn tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Oorun ìgángán kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe iṣu tí a ń tọ́jú fún ọjọ́ pípẹ́. Oorun ewùrà a máa gùn ju ti méjèèjì lọ díẹ̀. Nígbà tí oorun bá tán, èhù a yọ láti orí iṣu. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣu a bẹ̀rẹ̀ sí ná ohun tí ó kó jọ pẹ̀lú ìkánjú, bí ọmọ tí ń jẹ ogún bàbá rẹ̀.

Ooru ni ó ń ké oorun iṣu kúrú. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí ibi ìpamọ́ bá ti tutù tó ni ó ti dára tó. Iṣu jẹ́ ọmọ ilẹ̀ gbígbóná. Bí a bá gbé e sí ibi tí ó tutù ju dígírì 12 lọ fún ọjọ́ púpọ̀, inú rẹ̀ a bàjẹ́, a sì rà kíákíá nígbà tí a bá gbé e jáde. Nítorí náà ẹ̀rọ amúǹkan-tutù kì í ṣe ibi ìpamọ́ èèbù. Dígírì 15 tàbí 16 ni ó bá a lára mu jù. Abà tí a kọ́ sí oko kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ibòji dáradára àti afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lè mú un sún mọ́ ọn.

YÍYAN ÈÈBÙ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìpamọ́ èèbù kì í bẹ̀rẹ̀ nínú àká. Inú oko ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ a wa iṣu rẹ̀, a ta èyí tí ó tóbi, a jẹ èyí tí ó tẹ̀lé e, a sì fi wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ́kù ṣe èèbù. Iṣu kékeré méjì lè dọ́gba ní títóbi kí wọ́n má sì jọra rárá. Ọ̀kan kéré nítorí pé wọ́n pọ̀ ní ìdí ìtàkùn kan, èkejì kéré nítorí pé àìsàn kò jẹ́ kí ó dàgbà. Ẹni tí ó bá gbin ti àkọ́kọ́ gbin iṣu. Ẹni tí ó bá gbin èkejì gbin àìsàn, yóò sì tún un gbìn ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi máa wí pé ilẹ̀ ti ṣá.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ kí ó yan èèbù nígbà tí ewé ṣì tutù lórí ọ̀pá. Kí ó rìn la oko já. Ebè tí ewé rẹ̀ dúdú minimini, tí ìtàkùn rẹ̀ sì lágbára, kí ó so okùn mọ́ ọ̀pá rẹ̀ láti fi ṣe àmì. Ebè tí ewé rẹ̀ hunjọ, tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ní àdàlù, kí ó má ṣe mú èèbù níbẹ̀, bí ó ti wù kí iṣu rẹ̀ tóbi tó. Àìsàn ewé yìí a máa bá èèbù rìn láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí ewé bá ti gbẹ tán, kò sí ẹni tí ó tún lè mọ ebè aláìsàn yàtọ̀ sí ti alára líle.

Ọ̀nà kan tí àwọn baba ń gbà rí èèbù rere ṣì dára títí di òní. Ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣu tètè-dé bá ti tó, a ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ wa ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó gé iṣu náà ní ìsàlẹ̀ orí rẹ̀, a kò sì ní fa ìtàkùn rẹ̀ tu. Lẹ́yìn èyí a ó dá erùpẹ̀ padà. Orí tí a fi sílẹ̀ a tún so ọmọ wẹ́wẹ́, tí a ó wà nígbà tí ewé bá gbẹ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni èèbù. Oúnjẹ kọ́ ni wọ́n.

Ọ̀tá kan sì tún wà tí ó yẹ kí a wò fínnífínní: aràn inú ilẹ̀, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Abẹ́ èèpo iṣu ni í gbé. Ibi tí ó bá jẹ a kọ́kọ́ ní àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà a di dúdú, èèpo a sì là. Nínú àká pẹ̀lú ni ó ti ń bí sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣu tí ó dára lójú ní oṣù Ọ̀pẹ lè ti gbẹ sára ní oṣù Èrèlé. Kí a fi ọ̀bẹ họ èèpo díẹ̀ kí a tó to iṣu. Èyí tí ó bá ní àmì náà, kí a gé ibi tí ó bàjẹ́ sọnù, kí a sì se ìyókù jẹ. Kí a má ṣe gbìn ín. Omi gbígbóná tí ó wà láàrin dígírì 50 àti 55 lè pa aràn yìí bí èèbù bá wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru kò gbọdọ̀ dán an wò, kí ó má ba à se èèbù rẹ̀ pa.

ỌGBẸ́ IṢU

Ọ̀pọ̀ iṣu tí ó rà nínú àká, ọjọ́ tí a wà á ni ó ti gba ikú. Ẹnu àdá kàn án, tàbí ọkọ́ bó èèpo rẹ̀, tàbí a jù ú láti inú ebè sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó sì fara gbún òmíràn. Ọgbẹ́ ni ilẹ̀kùn tí ìjẹrà ń gbà wọlé. Nítorí náà, kí a fi sùúrù wa iṣu, kí a gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, kí a má sì ṣe fi í sínú oòrùn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Oòrùn ọyẹ́ lè sun iṣu lára bí iná.

Bí ọgbẹ́ bá sì wà, iṣu lè wo ara rẹ̀ sàn bí a bá fún un ní àyè. Ooru àti ọ̀rinrin ni oògùn rẹ̀: ìwọ̀n dígírì 29 sí 32, fún ọjọ́ mẹ́rin sí ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ìgbà yìí, awọ líle a bo ojú ọgbẹ́, ìjẹrà kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Àgbẹ̀ lè ṣe èyí láìsí ẹ̀rọ kankan. Kí ó tẹ́ koríko sí abẹ́ igi tí ó ní ibòji, kí ó to iṣu lé e, kí ó tún fi koríko púpọ̀ bò ó, kí ó sì da aṣọ títa tàbí àpò lé e lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kí ó ṣí i, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kó èyí tí ó sàn lọ sí àká. Èyí tí ọgbẹ́ rẹ̀ jìn púpọ̀, kí ó kó lọ sí ilé ìdáná.

ÀKÁ TÍ Ó YẸ ÈÈBÙ

Àká rere ní ìwà mẹ́rin: òjìji bò ó, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi kò wọ̀ ọ́, ẹranko kò sì lè dé inú rẹ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò a máa ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìlà ìlà, wọn a sì fi okùn so iṣu mọ́ ara òpó náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èyí dára, nítorí pé iṣu kan kì í tẹ òmíràn, ojú a sì rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kan pẹpẹ onígi tí ó ga kúrò nílẹ̀ tó orúnkún, kí ó to èèbù lé e lórí ní ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì ńlá a máa gbóná, a sì rà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí òórùn rẹ̀ yóò fi sọ ọ́. Koríko bẹẹrẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni ó dára fún òrùlé. Páànù lásán, láìsí koríko lórí rẹ̀, yóò sọ àká di ààrò ní ọ̀sán.

Kí ẹsẹ̀ pẹpẹ náà wà nínú eérú, kí ikán má ba à rí ọ̀nà gùn ún. Kí a fi ọgbà yí àká ká nítorí ewúrẹ́, kí a sì dí ihò nítorí eku àti òkété. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí a máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Èyí tí ó ń rà, kí a mú kúrò ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé iṣu kan ṣoṣo tí ó rà lè ran mẹ́wàá. Bí a bá rí kòkòrò funfun tí ó dàbí òwú lẹ́bàá orí iṣu, kí a nù ún kúrò, kí a sì ya iṣu náà sọ́tọ̀, nítorí pé omi ara èèbù ni ó ń fà mu.

Ní ti èhù tí ó yọ, ọ̀tọ̀ ni ti jíjẹ, ọ̀tọ̀ ni ti gbígbìn. Iṣu tí a ó jẹ, kí a máa ká èhù rẹ̀ kúrò bí ó ti ń yọ, kí ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n èèbù tí àkókò gbígbìn rẹ̀ ti dé, kí a má ṣe ká èhù rẹ̀ mọ́. Èèbù tí a ká èhù rẹ̀ nígbà púpọ̀ a máa rẹ̀, ìtàkùn tí ó bá sì so a tẹ́ẹ́rẹ́.

Iná ìgbẹ́ ni ọ̀tá tí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, koríko ti gbẹ bí ẹ̀tù, ẹni tí ń dọdẹ eku ní oko kejì sì lè fi iná kan ṣoṣo sun iṣẹ́ ọdún kan. Kí a ro ilẹ̀ yí àká ká tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí a sì gbá a mọ́ títí òjò yóò fi rọ̀. Kí a má sì ṣe dáná nítòsí rẹ̀.

Àwọn kan a máa fi oògùn apakòkòrò pa èèbù lára. Kí ẹni tí ó bá ṣe é kí ó bo imú àti ọwọ́, kí ó tẹ̀lé ohun tí a kọ sí ara agolo rẹ̀, kí ó má sì ṣe kó èèbù náà sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Iṣu tí a ti fi oògùn pa kúrò ní oúnjẹ. Fífọ̀ rẹ̀ tàbí sísè rẹ̀ kò sọ ọ́ di oúnjẹ mọ́. Eérú igi kò ní ewu yìí, òun sì ni àgbẹ̀ púpọ̀ fi ń pa ojú ibi tí a gé lára èèbù.

EBÈ TÍ A BÒ LÓRÍ

Ní àwọn apá ibi tí ó jẹ́ ọ̀dàn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í fi gbogbo èèbù wọn sùn nínú àká. Wọ́n a kọ ebè ní ìparí òjò, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n a sì gbin èèbù sínú rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó lè sùn nínú ilẹ̀ de òjò. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: ebè náà gbọ́dọ̀ ní ìbòrí.

Orí ebè tí kò ní ìbòrí a máa gbóná gidigidi ní ọ̀sán ọyẹ́, èèbù inú rẹ̀ a sì jiná kí ó tó hù. Nítorí náà, bí a bá ti gbin èèbù tán, kí a fi koríko gbígbẹ tàbí ewé tí ó kún ọwọ́ méjì dé orí ebè, kí a sì fi ògúlùtu lé e kí afẹ́fẹ́ má ba à gbé e lọ. Ìbòrí yìí a dá oòrùn dúró, a sì pa ọ̀rinrin mọ́ sínú ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, a ó di ajílẹ̀. Bí ikán bá jẹ koríko náà tán kí òjò tó rọ̀, kí a tún òmíràn fi sí i. Ìbòrí ebè yìí àti òkìtì ọ̀dùnkún ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní ń lé ooru, èkejì ń lé òtútù.

Àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kì í kó gbogbo èèbù sí ojú kan. Kí apá kan wà nínú ebè, kí apá kan sì wà nínú àká. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn jù, ti àká yóò kù. Bí iná bá sì mú àká, ti ebè yóò kù.

ÀWỌN OHUN Ọ̀GBÌN MÌÍRÀN

Kókò àti ata ilẹ̀ pẹ̀lú a máa sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé wọn a gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò kú. A lè fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilẹ̀ bí a bá fi koríko bò wọ́n, tàbí kí a wà wọ́n sí ibi tí òjìji wà, kí a sì fi ewé gbígbẹ bò wọ́n. Àlùbọ́sà fẹ́ gbígbẹ àti afẹ́fẹ́. Kí a so ó rọ̀, kí a má ṣe dì í sínú àpò tí kò mí. Èso ilá àti àgbàdo tí a ó gbìn, òkè ààrò ni ibi tí àwọn ìyá ti ń fi wọ́n pamọ́. Èéfín níbẹ̀ a máa lé kòkòrò, ooru a sì mú kí wọ́n gbẹ.

Ewébẹ̀, ata àti ìgbá kò lè sùn ní tiwọn. Ẹni tí ó bá ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, kí ó kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ó ní, kí ó fi koríko tẹ́ ìdí wọn, kí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji fún èyí tí ó kéré, kí ó sì máa bomi rin wọ́n ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì tó fún ìdí ata kan tàbí méjì. Ọmọ kòkó tí kò tíì rí ẹ̀ẹ̀rùn rí ni ọyẹ́ ń pa jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn ṣáájú rẹ̀ ni agboòrùn rẹ̀.

KÍ A MÁ ṢE JẸ ÈÈBÙ

Bí ìjẹrà, eku àti iná kò bá mú èèbù, ọ̀tá kan ṣì kù, inú ilé ni ó sì ń gbé. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, iṣu jíjẹ ti ń tán, àgbàdo tuntun kò sì tíì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó yóò wí pé, "Baálé mi, àlejò dé, kò sì sí iṣu nínú ilé." Baálé yóò ronú díẹ̀, yóò sì dáhùn pé, "Lọ mú méjì nínú àká." Méjì kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àlejò mìíràn yóò dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ yóò lọ sí ilé ìwé, ìnáwó yóò ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, àká yóò sì máa fà sẹ́yìn láìsí ariwo.

Kí a mú un pé àgbẹ̀ kan to 1,000 èèbù ní oṣù Ọ̀pẹ, ó sì kọ 1,000 ebè. Bí 200 bá rà nínú rẹ̀, tí eku ba 50 jẹ́, tí ilé sì jẹ 150, 600 ni ó kù fún un. Ebè 400 yóò dúró ní òfo, bẹ́ẹ̀ ni ó ti san owó kíkọ wọn. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Irọ́ tí àgbẹ̀ ń pa fún ara rẹ̀ nínú àká ni pé èèbù ṣì pọ̀.

Nítorí náà, kí a ya èèbù kúrò lára iṣu jíjẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n má ṣe wà lórí pẹpẹ kan náà. Kí a kà á, kí a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kí a sì tún un kà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí ọkọ àti ìyàwó jọ mọ iye náà, nítorí pé ohun tí ẹni méjì mọ̀ kì í ṣòfò bí ohun tí ẹnì kan ń fi pamọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oúnjẹ òun kò ní tó, kí ó tètè gbin ẹ̀gẹ́ tàbí kí ó ra gàrí sílẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì dínwó. Gàrí tí a rà ní oṣù Ọ̀pẹ dínwó ju èèbù tí a rà ní oṣù Igbe lọ.

Bí èèbù bá sì dínkù náà, ọ̀nà kan wà láti mú un pọ̀. Àwọn ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Umudike àti ní Ìbàdàn ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gé iṣu aláìlábàwọ́n sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó gíráàmù 25. Iṣu tí ó wọn kílò kan lè di ẹyọ 40. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèpo lára, nítorí pé láti abẹ́ èèpo ni èhù ti ń yọ. A ó fi eérú pa á lára, a ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ nínú òjìji, a ó sì gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Iṣu ńlá kọ́ ni yóò so ní ọdún náà. Èèbù ni yóò so. Ọ̀nà yìí gba sùúrù ọdún kan, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a jẹ gbèsè lọ.

IṢẸ́ OṢÙ KỌ̀Ọ̀KAN

Oṣù Bélú: Wa èèbù láti inú ebè tí a ti fi àmì sí. Wo ọgbẹ́ wọn sàn. Tún àká ṣe, kí o sì ro ilẹ̀ yí i ká.

Oṣù Ọ̀pẹ: To èèbù, kà á, kọ ọ́ sílẹ̀. Fi koríko bo ebè tí a ti gbìn.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́: Yẹ àká wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ṣọ́ iná. Bomi rin ọmọ kòkó àti ewébẹ̀.

Oṣù Èrèlé: Kó èyí tí ó ń rà kúrò. Tún ìbòrí ebè ṣe. Ka èèbù.

Oṣù Ẹrẹ́nà: Má ṣe ká èhù èèbù mọ́. Má ṣe fi ọwọ́ kàn án fún jíjẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbìn ín.

Àgbẹ̀ kì í dá aṣọ ní oṣooṣù, ọdọọdún ni. Owó ọdún kan, èèbù tí ó sùn sínú àká ní ìgbà ọyẹ́ ni ó gbé e dání. Bí ó bá jí ní àlàáfíà, ilé yóò jẹun.